Igbe Tí Jẹnẹrétọ̀ Bò Mọ́lẹ̀

Bùkọ́lá, gbé fóònù yẹn kúrò létí ná. Sọ fún ẹni tó wà níbẹ̀ pé ìyá ìyá rẹ ní kó dúró. Mo gbọ́ ohun tí o ń bá a sọ. O ní kó bá ọ wá ọmọbìnrin kékeré kan láti oko, èyí tí ojú rẹ̀ kò tíì là, tí kò ní lè yájú, tí yóò máa bá ọ pọn ọmọ. Mi ò bá ọ jà o. Ìyá ọmọ tuntun ni ọ́, ó ti rẹ̀ ọ́, ojú rẹ ti jìn wọnú. Ṣùgbọ́n jókòó. Ẹ̀yin tó kù náà, ẹ sún mọ́ mi níbí, kí oòrùn ọ̀sán yìí má bàa lé wa kúrò ní fàráńdà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò tíì sọ délẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú yín.

Ṣé ẹ rí ilé alájà mẹ́ta tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn? Oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi ni. Ìkòsí tí wọ́n bí mi sí kò ní géètì. Bàbá mi ń dáko, ìyá mi ń yan ẹja tí àwọn apẹja bá kó wá láti odò. Ohun tí etí kọ́kọ́ ń gbọ́ láàárọ̀ ni ìgbálẹ̀, ṣáà, ṣáà, ṣáà, láti agboolé dé agboolé, bí ẹni pé ìyàwó ilé kan ń kí èkejì. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò gbọ́ ìkòkò tí wọ́n ń fi yanrìn họ létí omi. Tí àgbàdo bá ti gbó, ohùn àwa ọmọdé ni yóò gba gbogbo oko, tí à ń lé ẹyẹ: "Hòo! Hòo!" Ọmọ kan á ké níhìn-ín, ọmọ mìíràn á dá a lóhùn lọ́nà Ṣángíṣà lọ́hùn-ún. A kì í rí ara wa, ṣùgbọ́n olúkúlùkù mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà nínú oko.

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ọmọdé ayé ìgbà náà kì í ṣiṣẹ́. A ṣiṣẹ́. Mo ru omi títí irun àárín orí mi fi fẹ́ pá. Mo fẹ́ná lábẹ́ ẹja títí ojú mi fi pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ. Ní ọjọ́ kan, oorun gbé mi lọ nídìí iná, gbogbo ẹja orí àtẹ sì jó di dúdú kirikiri. Nígbà tí ìyá mi dé, ó wo ẹja, ó wò mí, mo ti ń wá ibi tí mo máa sá gbà, ni obìnrin náà bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Èédú la máa fi jẹ ẹ̀bà lónìí." A jẹ ẹ́ lóòótọ́. Gbogbo wa ní ẹnu dúdú títí di alẹ́, bàbá mi sì ń pè wá ní ìdílé alágbẹ̀dẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹrù tí mo bá rù, èyí tó jù ú lọ wà lórí tirẹ̀. Ìgbà tí ebi bá pa mí, ebi ti pa òun náà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ ni. Gbé iṣẹ́ kan náà lọ sí ilé ẹni tí kò mọ orúkọ bàbá ọmọ, kó o wò ó bóyá orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ló tún máa jẹ́.

Ọdún Iléyá ńkọ́? Há! Àwa ọmọdé kì í jẹun nílé wa lọ́jọ́ Iléyá. Ilé tó bá wù wá la máa wọ̀. Ọdún kan wà tí mo jẹ ẹran kiri títí mi ò fi lè mí mọ́, mo wá wọ yàrá kan, mo sùn lọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilé ta ni? Mi ò mọ̀. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ tí wọn ò rí mi, gbogbo Ìkòsí bọ́ síta. Àwọn ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, wọ́n ń fi ọ̀pá tú koríko, àwọn obìnrin ń ké orúkọ mi ní gbogbo ẹsẹ̀ ilé. Obìnrin tó ni yàrá náà rí mi nígbà tó fẹ́ gbálẹ̀. Kò tilẹ̀ jí mi. Ó wẹ ọwọ́ àti ẹnu mi tó kún fún epo, ó pọ̀n mí sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè láti ilé dé ilé pé, "Ta ló ni ẹ̀bùn yìí?" Mo jí lẹ́yìn ẹni tí mi ò mọ̀ rí, ẹ̀rù ò sì bà mí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn yé yín. Mo jí lẹ́yìn àjèjì, ẹ̀rù ò bà mí.

A máa ń fi ọmọ fún ẹbí nígbà náà, mi ò ní purọ́. Wọ́n fi èmi náà fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Ògùdù, kí n lọ kọ́ aṣọ rírán. Lọ́jọ́ tó wá mú mi, bàbá mi pe àwọn àgbà ilé jókòó, ó sì sọ lójú wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ ọ̀tún tí ẹ bá fi nà án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tòsì fà á mọ́ra." Aṣọ tí wọ́n bá dá fún àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń dá fún mi. Ìyá mi a sì máa wá wò mí, á gbé ẹja dání fún wọn, á bọ́ mi síhòòhò lẹ́yìnkùlé, á wẹ̀ mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo ti wẹ̀ láàárọ̀. Mo rò pé ìfẹ́ lásán ni. Ìgbà tí mo bí ọmọ tèmi ló tó yé mi pé ara mi ló ń yẹ̀ wò.

Ìkà wà nígbà náà o. Ẹni tó bá ní kò sí ìkà láyé àtijọ́, kò gbé ibẹ̀ ni. Ìyàwó kan wà ní agboolé wa tí ìyáálé rẹ̀ kú, tó fi ọmọkùnrin kékeré kan sílẹ̀ fún un, Kàsálì. Ọmọ yẹn mú àkàrà jẹ láìtọrọ, ìyàwó yìí sì fi ata sí i lójú. A gbọ́ igbe Kàsálì láti ìsàlẹ̀ odò. Ẹ wo ohun tí àwọn ìyá wa ṣe. Wọn ò pariwo. Wọn ò bú u. Olúkúlùkù gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ jáde, wọ́n lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, wọ́n kọjú sí i, wọ́n sì dákẹ́. Wọn ò dáná. Wọn ò lọ sódò. Jíjókòó tini ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọkùnrin ti oko dé, ààrò tutù, àwọn fúnra wọn ló wá ń bẹ ìyàwó náà pé, "Jọ̀ọ́, jáde sí wọn." Nígbà tó jáde, ó ti kúnlẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gba Kàsálì, wọ́n gbé e fún ìyá bàbá mi. Ó dàgbà, ó di gbẹ́nàgbẹ́nà. Òun ló kan àpótí tí mo ń jókòó lé tí mo bá ń ránṣọ.

Gbogbo ìyẹn ti lọ. Mi ò mọ ọjọ́ tó lọ. Wọ́n ta ilẹ̀, a ta nínú rẹ̀. Ọjà ńlá dé sí Máìlì Tùélú, tírélà ń ti òkè ọya kó tòmátò àti ata wá, àwọn èèyàn ń ti ibi gbogbo wọ̀lú wá jẹun. Mi ò bínú sí àlejò. Àlejò ló gba yàrá lọ́wọ́ mi tí mo fi rán àwọn òbí yín níléèwé. Ṣùgbọ́n ilé kọ̀ọ̀kan mọ ògiri yí ara rẹ̀ ká, wọ́n fi ìgò fífọ́ sórí ògiri, wọ́n fi irin ṣe géètì. Bí ọmọ bá wá ń ké nínú ilé, ta ni yóò gbọ́? Ẹni tó bá tilẹ̀ gbọ́ á ní, "Kò kàn mí." Tí ẹ bá gba ọ̀nà ọjà yẹn kọjá, ẹ máa rí àwọn ọmọ kéékèèké lábẹ́ tírélà, tí wọ́n ń ṣa ata tó bọ́ sílẹ̀ láàárín táyà. Mo ń gbọ́ lórí rédíò pé kì í ṣe Èkó nìkan. Wọ́n ní àwọn ọmọ wà nínú ihò ilẹ̀ nílẹ̀ ibòmíràn, tí wọ́n ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù. Wọ́n ní àwọn kan ń hun kápẹ́ẹ̀tì títí ìka wọn fi ká kò. Wọ́n ní àwọn kan ń gbé ìbọn tó gùn jù wọ́n lọ. Mo máa ń pa rédíò náà. Ohun tí mo fojú mi rí ti pọ̀ jù fún mi, mi ò lè gbé ti gbogbo ayé mọ́ ọn.

Èyí tí mo fojú rí nìyí.

Nígbà tí mo ṣì ń ránṣọ, yúnífọ́ọ̀mù iléèwé ni mo ń rán jù. Ògiri kan ló wà láàárín ilé mi àti ilé Mummy Dámi. Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, obìnrin pupa tó ń ta aṣọ ọmọ wẹ́wẹ́ ní Kétu, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Pọtá. Ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Dámi, wá kí n wọ̀n ọ́n fún yúnífọ́ọ̀mù. Ọmọbìnrin kékeré kan tẹ̀ lé wọn, òun ló ru aṣọ. Mo wọn èjìká Dámi, mo wọn àyà rẹ̀, mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọbìnrin náà ti gbé aṣọ sílẹ̀, ó ti na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró ṣánṣán níwájú mi. Ó ń retí kí n wọn òun náà.

Mummy Dámi ní, "Ìwọ, ká ọwọ́ ẹ mọ́ra! Mama, ẹ má dá a lóhùn jàre. Tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń pè ọ́, ọmọ mi?"

Ó ní, "Mọ́súnmọ́lá, mà."

Ó kúnlẹ̀ kó tó dáhùn. Mo mọ̀ pé ẹni tó kọ́ ọ níyẹn kì í ṣe ẹni tó wà níwájú mi yìí. Ẹni kan wà níbì kan tó tọ́ ọmọ yẹn dáadáa.

Tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀ dé, ó sì kọjá, Mọ́sún kò bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń rí i tó ń gbé báàgì Dámi lé èjìká, á sìn ín dé géètì iléèwé, á yí padà. Ìgbà mìíràn á dúró sójú fèrèsé mi, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá àgbà." Mo bi í léèrè ilé. Ó ní abúlé àwọn wà lẹ́yìn Ìgbòho, pé obìnrin kan tó máa ń wá ra ẹ̀gúsí lọ́wọ́ màmá òun ló ṣèlérí láti fi òun síléèwé l'Ékòó, ló wá fi òun fún Mummy Dámi. Mo ń fún un ní búrẹ́dì. Á jẹ ẹ́ tán lójú mi, kì í gbé e wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí pé jẹnẹrétọ̀ ilé náà máa ń dún lọ́sàn-án. Kò burú, iná kì í sábà wà. Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kan, mo ń lo áyọ́ọ̀nù mi, gílóòbù ń tàn lókè orí mi, iná wà ganran, mo sì gbọ́ tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ náà. Mo ní, àbí wọn ò mọ̀ pé iná ti dé ni? Ó dún fún ìgbà díẹ̀, wọ́n pa á. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Iná wà, jẹnẹrétọ̀ ń dún. Mo bi Ìyá Kafí, ará Ọ̀yọ́ tó gba yàrá lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó, Màmá. Ó lè jẹ́ pé wáyà ilé wọn ló bàjẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sídìí máṣínì, mo ń wá okùn tó bá aṣọ mu. Lójijì, jẹnẹrétọ̀ náà wúkọ́, ó wúkọ́, ó kú. Bóyá epo ló tán. Ariwo náà dá wáí, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ṣẹ́kù.

Igbe ọmọ ni. Kì í ṣe igbe ọmọ tí wọ́n ń nà. Ẹni tó bá ti tọ́mọ mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ó ń ké pé, "Mummy, ó ti tó! Mummy, ó ti tó!" Lẹ́yìn náà, ẹnì kan bò ó lẹ́nu.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé géètì wọn. Mo gbá a. Mummy Dámi ṣí ihò kékeré tó wà lára rẹ̀, ó yọjú. Òógùn bo imú rẹ̀.

"Mama, ẹ káàsán, mà. Kò sí nǹkan kan."

"Níbo ni Mọ́sún wà?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé."

"Pè é wá kí n rí i."

"Mama, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ọmọ mi ni. Bí mo ṣe ń tọ́ ọ kò kan ẹnikẹ́ni."

Ó ti ihò náà. Mo dúró níbẹ̀, mo wo irin. Wọ́n kun ún ní àwọ̀ ewé, ó ń dán. Kò sí bàbá ilé tí mo lè ké sí, kò sí agboolé. Mo ronú láti pariwo, mo wo ojú títì, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ, wọ́n ń bọ̀, okùn wà létí wọn, wọ́n ń gbọ́ orin. Ni mo bá padà wọlé, mo gbé àpótí ìdí máṣínì mi, mo gbé e lọ síwájú géètì yẹn. Mo jókòó. Mo kọjú sí irin, mo káwọ́ lé itan, mo dákẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Grandma, ṣé ẹ ti ń gbàgbé ilé ni?" Ọ̀kan yọ fóònù, ó ń ká mi sí i. Mi ò dá wọn lóhùn. Oòrùn ń pa mí látàrí. Ìyá Kafí jáde wá, ó ní, "Màmá, kí lẹ ń ṣe níbí?" Mo ní, "Ọmọ ń kú lọ nínú ilé yìí. Mo jókòó tì í ni." Ó wò mí. Mo rò pé ó máa fà mí dìde. Ó wọlé, ó gbé àpótí tirẹ̀ wá, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ní, "Wọ́n ń ṣe é nílé wa náà. Mo ti gbàgbé pé a máa ń ṣe é."

Obìnrin kan tó ru apẹ̀rẹ̀ ata láti ọjà ń kọjá, ó bi wá, a sọ fún un. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó lé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Haúsá ni, kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ "ọmọ", ó gbọ́ "kú". Òmíràn dé. Òmíràn tún dé. Èyí tó ń ká mi sí fóònù wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Mama, ṣé kí n pe àwọn ọlọ́pàá?" Mo ní, "Pè wọ́n, ọmọ mi."

Mummy Dámi jáde síta. Ó ní, "Kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ ń bà mí lórúkọ jẹ́ láàárín àdúgbò!"

Ìyá Kafí ní, "A ò wí nǹkan kan. A kàn jókòó ni."

Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti fẹ́ bú wa, mo rí i ní ẹnu rẹ̀. Ó wá jọ pé nǹkan kan já nínú rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti géètì, ó sì bú sẹ́kún. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà! Ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo ṣe dàgbà. Okùn wáyà ni wọ́n fi ń nà mí. Ta ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tèmi? Ẹ sọ fún mi! Ta ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tèmi?"

Títí di òní, mi ò tíì rí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi géètì sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Mo bá Mọ́sún nínú ilé ìdáná, ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni Mummy Dámi gbé lé e lápá. Ó jó ẹ̀wù Dámi nígbà tó ń lọ̀ ọ́, ni wọ́n fi ní kó mọ bó ṣe ń rí lára ẹ̀wù. Mi ò ní sọ ju báyẹn lọ. Ọmọ náà kò sunkún mọ́. Nígbà tó rí mi, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ìyá àgbà."

Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n mú Mummy Dámi lọ. Wọ́n ní ẹjọ́ wà ní kọ́ọ̀tù. Wọ́n ń sún un síwájú, mi ò mọ ibi tó dé. Obìnrin tó ń ra ẹ̀gúsí kiri abúlé, wọn ò rí i mú rárá. Ọ̀dọ́bìnrin kan láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ gbé Mọ́sún lọ sí ọsibítù, ó sì tọ́jú rẹ̀ títí apá fi san. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a padà sílé, Mọ́sún ní òun ò lọ bí ìyá àgbà ò bá tẹ̀ lé òun. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọkọ̀ lọ sí ọ̀nà Ìgbòho pẹ̀lú orókún mi yìí. Abúlé yẹn ló wà báyìí, ó ti ń lọ síléèwé; òun ló ga jù ní kíláàsì rẹ̀, àwọn ọmọ tó ń bá jókòó kò ju èjìká rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́bìnrin náà máa ń pè mí láti sọ fún mi. Inú mi ń dùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a mú un délé kò tíì kúrò lójú mi.

Ọ̀dọ́bìnrin náà ní òun àti awakọ̀ fẹ́ kọ́kọ́ lọ kí Baálẹ̀, kí èmi máa mú ọmọ lọ bá ìyá rẹ̀. Mọ́sún wọ ẹ̀wù alápá gígùn tí mo rán fún un. Ìyá rẹ̀ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń pa ẹ̀gúsí. Obìnrin náà kéré lọ́jọ́ orí, ó lè jẹ́ ọmọ ọmọ mi. Nígbà tó rí ẹni tó ń bọ̀, ó dìde, igbá ẹ̀gúsí dà nù, ó sáré, ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Àwọn ará ilé tú jáde. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Mummy Èkó, ẹ ṣeun! Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa tọ́ ọ! Ẹ ṣeun tí ẹ fi síléèwé!"

Ó rò pé èmi ni ẹni tí ọmọ òun ń bá gbé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun tí wọ́n sọ kò yé ọkùnrin náà délẹ̀. Ìyá Mọ́sún rò pé họlidé ni ọmọ òun wá lò nílé. Mo la ẹnu kí n sọ fún un, ó ti sáré wọlé. Mo rò pé omi ló fẹ́ bù wá fún wa. Kàlẹ́ńdà ló gbé jáde, kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá, tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri fún ẹwà. Ó tẹ́ ẹ sọ́wọ́ Mọ́sún lójú gbogbo èèyàn.

"Kà á! Kà á kí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa pé ọmọ mi ń kàwé l'Ékòó."

Mọ́sún wo kàlẹ́ńdà. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ó wá wò mí. Ó gbé ìka lé ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ́è fọ́ ápù. Bíì fọ́ bọ́ọ̀lù. Síì fọ́ káàtì. Díì fọ́ dọ́ọ̀gì."

Mo mọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Dámi ń ka tirẹ̀ ní pálọ̀, nígbà tí òun ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Ìka rẹ̀ ń lọ lórí kàlẹ́ńdà yẹn, ibi tí ìka ń lọ, nọ́ńbà ọjọ́ ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ń jó yí i ká, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi jókòó síbẹ̀ bí igi. Mo ní lọ́kàn mi pé, jẹ́ kó yọ̀ díẹ̀ sí i. Jẹ́ kó jó tán.

Nígbà tó jó tán, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó fa ọmọbìnrin kékeré kan jáde, tí epo wà lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò Mọ́sún ni, Àdùkẹ́. Ó mú ọwọ́ ọmọ náà, ó fi sí ọwọ́ mi.

Ó ní, "Mummy Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí náà dání. Òun náà ní orí pípé. Ẹ bá mi sọ ọ́ dèèyàn bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Mọ́sún fi kàlẹ́ńdà lélẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wá bọ́ sáàárín wa, ó tú ìka àbúrò rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tì í sẹ́yìn ara rẹ̀.

Ó ní, "Màámi, mi ò mọ̀ ọ́n kà. Wọn ò fi mí síléèwé rí. Mo kàn ń sọ ọ́ lẹ́nu ni."

Ó ká apá ẹ̀wù náà sókè.

Àwọn èèyàn tó ń pàtẹ́wọ́ kò rí ibi gbé ọwọ́ wọn sí. Ìyá náà jókòó sílẹ̀ sáàárín ẹ̀gúsí tó dà nù, ó fa ọmọ rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó gbé apá yẹn sún mọ́ ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sí i. Fẹ́ẹ́. Fẹ́ẹ́. Ojú egbò náà ti jinná tipẹ́, ó ti di àpá. Obìnrin náà ń fẹ́ ẹ síbẹ̀, bí ẹni pé ìsinsìnyí ni iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ọmọ rẹ̀.